Ọ̀pá Ìpẹja Kì í Ṣe Aṣọ Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ lórí yíyan irinṣẹ́ fún ìpẹja etí òkun

  

Ẹ ó rántí pé nígbà tí a ń jíròrò ohun tí a ó fi sàmì ọdún kẹwàá yìí, ìmọ̀ ṣọ̀kan pé a ti jẹ ìrẹsì tó, a sì ti náwó fún olórin tó. Ọ̀pọ̀ wa ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Àárọ̀ a wọ mọ́tò, ọ̀sán a jókòó sí ọ́fíìsì, alẹ́ a tún wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwọn dókítà inú ẹgbẹ́ wa kò yé pariwo ẹ̀jẹ̀ ríru sí wa létí. Ibẹ̀ ni àbá ìdíje ìpẹja etí òkun ti jáde: kí tọkọtaya àti ọmọ jáde lọ sí etí òkun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí a ju ìwọ̀, kí a rìn lórí iyanrìn, kí a sì sun ẹja tí a bá pa jẹ níbẹ̀. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di ti owó. Àbá kejì wọlé pé kí ẹgbẹ́ yọ owó nínú àpò, kí a ra ọ̀pá ìpẹja oríṣi kan náà, èyí tó gùn jù tó sì wọ́n jù, kí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i lára, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ 36 gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí àwa tí ẹgbẹ́ fi iṣẹ́ alukoro lé lọ́wọ́ wádìí rẹ̀ wá. Bóyá nítorí pé àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì kì í tètè buwọ́ lu ìwé owó ni, bóyá nítorí pé wọ́n ti ń rí wa létí òkun ní ọjọ́ Sátidé ni, a kò bi wọ́n.

Èsì tí a mú wá ni pé kí ẹgbẹ́ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń jáde lọ sí Ojúde Ọba, tí gbogbo wa wọ aṣọ kan náà, ẹwà ni. Ẹni tó ga, ẹni tó kúrú, ẹni tó níkùn, télọ̀ ti gé e bá oníkálukú mu kó tó di ọjọ́ náà. Ọ̀pá ìpẹja kò ní télọ̀. Bí a ṣe rà á ni yóò ṣe wà títí tí yóò fi kán. Ọ̀pá tí ọkùnrin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tó ń gbá tẹ́níìsì ń fì bí igi ọ̀parun, ó lè yọ ẹlòmíràn nínú wa léjìká. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà, òkun ni kí a kọ́kọ́ wò. Láti Badagry títí dé Lẹ́kí àti síwájú sí i lọ́hùn-ún, ìgbì máa ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá, ó ń gún etíkun ní ẹ̀gbẹ́, omi sì ń wọ́ iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lójú gbogbo ẹni tó mọ Èkó. Nígbà tí ìjọba amúnisìn kọ́ àwọn ògiri òkúta tí à ń pè ní Mole sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọlé, láàárín 1908 sí 1912, iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní apá kejì. Ibi tí òkun jẹ yẹn ni wọ́n wá rọ iyanrìn padà sí tí wọ́n fi kọ́ Eko Atlantic. Ohun tí èyí já sí fún apẹja ni pé òjé tí ara rẹ̀ ń dán, tí kò ní nǹkan tí yóò fi di ilẹ̀ mú, yóò máa yí lọ sí ìlà oòrùn ni, títí yóò fi lọ́ mọ́ okùn ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ká sọ pé ẹni 36 dúró lórí ìlà kan ní ọjọ́ ìdíje, ìjà nìyẹn.

Ohun kejì tí òkun wa ń sọ ni pé kò fẹ̀ lọ bí abọ́. Ó ń jìn kíákíá. Ẹja croaker àti ọ̀bọ̀kún máa ń wá oúnjẹ nínú kòtò tí ìgbì gbẹ́ sí ibi tó ti ń fọ́, kò sì jìnnà sí ẹsẹ̀ wa rárá. Ní ìdájí tàbí bí oòrùn bá ń wọ̀, a ti rí ẹni tó ju òjé sí 30 m péré tó ń fa ẹja, tí ẹni tó sọ tirẹ̀ ré kọjá ń wò ó. Jíjù jìnnà máa ń wúlò nígbà tí oòrùn bá ga, tí omi mọ́, tí ẹja sún sẹ́yìn. Tàbí níbi tí òkìtì iyanrìn bá wà lábẹ́ omi ní iwájú, tí kòtò gidi wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ojúlé kan dé èkejì lórí pápá bọ́ọ̀lù jẹ́ nǹkan bí 100 m. Ẹni tó bá lè ju òjé àti ìjẹ dé 80 m, tó sì lè tún un jù ní ìgbà ogún láì jẹ́ pé ó ń di ẹ̀yìn mú, ó ti ní ohun tó ń wá. Àwọn kan wà ní Bírítéènì àti Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n ń ju òjé kọjá 200 m níbi ìdíje, òótọ́ ni. Orí pápá ni wọ́n ti ń jù ú, kò sí ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀, okùn wọn tín-ín-rín bí irun, eléré ìdárayá sì ni wọ́n. Ẹni tó bá fi ìyẹn tajà fún wa, owó ló ń wá.

Ọ̀pá ni kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé. Èyí tó dára fún ọ̀pọ̀ nínú wa gùn tó 3.6 m, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹni tó ga tó sì lágbára lè lo 3.9 m. A kò gba ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti ra 4.2 m, bó ti wù kó lẹ́wà tó nínú fọ́tò. Lára ọ̀pá, lókè ibi ìdìmú, wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n òjé tó lè jù síbẹ̀: 100–150 g, tàbí 100–200 g, tàbí 150–250 g. Ìwọ̀n yẹn ló ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ. Òjé ló máa ń tẹ ọ̀pá bí ọrun. Bí ọ̀pá bá ṣe ń nà padà ló ń ta òjé. Bí ọ̀pá bá le ju apá ẹni tó dì í mú lọ, kò ní tẹ̀, kò sì ní ta nǹkan kan. Ìdí nìyí tí ẹni tí apá rẹ̀ kò le púpọ̀ fi lè fi ọ̀pá tó rọ̀ díẹ̀ jù jìnnà ju bó ṣe lè fi ọ̀pá olówó ńlá jù ú lọ. Kò pọn dandan kí a gbà á gbọ́ lórí ẹnu lásán; a ó dán an wò.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ so rílì mọ́ ọ̀pá, ẹ fi ìdí ọ̀pá há abíyá, kí ẹ na apá. Ibi tí ọwọ́ bá dé láì sí pé ẹ nà gbalaja ni kí rílì wà. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, ọ̀pá yẹn kì í ṣe tiyín, kódà bí wọ́n bá dín owó rẹ̀ kù sí ìdajì. Ẹ wo àwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá, ẹ fi ìka tàbí òwú ra inú wọn. Ibi tó bá ha òwú, yóò já okùn. Ẹ tún bi ara yín léèrè bí ẹ ó ṣe gbé e. Ọ̀pá 3.9 m tó pín sí méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 m lẹ́yìn tí a bá tú u, yóò sì gba láti iwájú mọ́tò dé ẹ̀yìn. Èyí tó pín sí mẹ́ta yóò wọ búùtù. Èyí tó ń fà wọ inú ara rẹ̀ bí eríàlì rédíò àtijọ́ rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n iyanrìn a máa há sínú oríkèé rẹ̀, a kò sì fẹ́ràn rẹ̀ fún òjé ńlá.

Ọ̀pá oníkábọ̀nù fúyẹ́, ó sì ń nà padà kíákíá. Èyí tí wọ́n fi fáíbà gíláàsì ṣe wúwo díẹ̀, ó rọ̀ díẹ̀, ó sì ń fara da ìlòkulò. Òun la fọwọ́ sí fún àwọn ọmọdé, àti fún àwọn àgbàlagbà kan tí a kò ní dárúkọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: kábọ̀nù ń gbé iná mànàmáná. Ẹni tó gbé ọ̀pá oníkábọ̀nù dúró ṣánṣán kọjá lábẹ́ wáyà NEPA, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń tayò. Bí òjò bá ṣú, tí àrá bẹ̀rẹ̀ sí í kù, kí gbogbo ọ̀pá wálẹ̀, kí gbogbo ẹ̀yàn wọ mọ́tò. Kò sí ẹja tó tó bẹ́ẹ̀.

Ti rílì kò le. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí kẹ̀kẹ́ okùn rẹ̀ dúró gbọin nígbà tí okùn ń jáde, àti èyí tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí bí a ṣe ń jù. Èkejì yìí lè gbé òjé lọ jìnnà gan-an lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí àtàǹpàkò bá fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn yóò di ìtẹ́ ẹyẹ, ẹ ó sì fi ọ̀sán yẹn tú kókó. Kí ẹgbẹ́ wa ra ti àkọ́kọ́. Kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ̀ kó sì gùn, kí ó lè gba okùn 0.35 mm tó 300 m. Kí a ká okùn sí i títí yóò fi ku 2 mm tàbí 3 mm kó kan etí. Bí kò bá kún tó, okùn á máa ha etí kẹ̀kẹ́ bó ṣe ń jáde, jíjù á sì kúrú. Bó bá kún jù, á já wọlẹ̀ ní ìdìpọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ 20 m tàbí 30 m nù láì mọ̀ ni okùn. Wọ́n á ní, "Ẹ fún wa ní èyí tó nípọn, kó má baà já." Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò báńkì díẹ̀. Okùn 0.50 mm kò ju okùn 0.35 mm lọ lójú, ṣùgbọ́n bí a bá gé méjèèjì wò ní ìbú, ti 0.50 mm jẹ́ ìlọ́po méjì. Rílì tó gba 300 m ti 0.35 mm kò ní gbà ju nǹkan bí 147 m ti 0.50 mm lọ. Atẹ́gùn á máa dì í mú bó ṣe ń fò, omi á máa tì í bó bá dé ìsàlẹ̀, òjé yín á sì máa rìn. Okùn ọ̀rá 0.35 mm tó fún etí òkun wa. Okùn híhun, tó tín-ín-rín ju ìyẹn lọ pẹ̀lú agbára kan náà, ń lọ jìnnà sí i, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí ẹja bá kan fẹnu kàn án. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gé ìka bí abẹ, kò sì fẹ́ràn òkúta. Ẹni tó fẹ́ lọ sí Mole, kó fi okùn híhun sílé.

Ní báyìí, a dé ibi tí a fẹ́ kí àwọn ìyàwó wa náà gbọ́. Òjé 150 g tí a fi gbogbo agbára jù kì í fa okùn bí 150 g. Ní ìgbà tí ọ̀pá bá ń nà padà, ìfà tó ń bá okùn pọ̀ débi pé okùn 0.35 mm lè já bí òwú. Bí ó bá já, òjé náà kò ní ṣubú lulẹ̀ síbẹ̀; yóò máa fò lọ bí ọta ìbọn ni, a kò sì mọ ibi tí yóò forí lé. Ó lè lọ sínú òkun, ó lè lọ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi iyanrìn kọ́lé. Òjé bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn. Ohun tó ń dènà rẹ̀ kò wọ́n rárá. Okùn aṣíwájú ni, tí àwọn òyìnbó ń pè ní shock leader: okùn nípọn kan tí a so mọ́ iwájú okùn tín-ín-rín, kí òun lè gba ìfà náà. Òfin àtijọ́ tí àwọn apẹja ń tẹ̀ lé ni pé kí agbára rẹ̀ jẹ́ 10 lb fún ounce òjé kọ̀ọ̀kan. 150 g lé díẹ̀ ní 5 ounce, nítorí náà kí a lo 60 lb, ìyẹn nǹkan bí 27 kg. Kó gùn débi pé bí òjé bá ń fì nísàlẹ̀ ṣónṣó ọ̀pá ní ìmúra láti jù, okùn aṣíwájú yóò ti gba inú gbogbo òrùka dé rílì, yóò sì yí kẹ̀kẹ́ ká nígbà mẹ́fà sí mẹ́jọ. Fún ọ̀pá 3.6 m, ẹ gé 9 m. Kí a wo kókó rẹ̀ ṣáájú gbogbo ìjáde, kí a sì gé e dànù bó bá ti ha. Lórí èyí, a kò gbà fún àwàdà: ẹni tí kò bá ní okùn aṣíwájú kò ní jù ní ọjọ́ ìdíje, ì báà jẹ́ Alága. Alága, ẹ má bínú.

Òjé gan-an, 125 g sí 150 g ni kí a kó wá, kí wọ́n ní wáyà mẹ́rin tó ń di iyanrìn mú, tó sì ń ṣẹ́ padà bí a bá ń fà á. Ìjẹ tó wà fún wa pọ̀: edé tútù, tàbí ṣawá tí a gé wẹ́wẹ́. Ẹ fi òwú rọ́bà tín-ín-rín dì í mọ́ ìwọ̀ kó má baà já nínú afẹ́fẹ́, kí ẹ má sì jẹ́ kó tóbi. Ìjẹ bí ẹ̀kọ òwúrọ̀ kò lè fò dé ibì kankan. Ẹ má fi eyín tẹ òjé, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tí òjé ṣe fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní Zamfara ní 2010.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní London ti ní àwọn lè ra irinṣẹ́ àlòkù ránṣẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí a bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n ka ohun tó wà lára ọ̀pá kí wọ́n tó sanwó. Àwọn ọ̀pá tí wọ́n ń lò ní etí òkun olókùúta wẹ́wẹ́ bíi Dungeness ní Kent, nínú òtútù, fún ẹja cod, máa ń le, ọ̀pọ̀ wọn sì wà fún òjé 170 g àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n wo rílì náà dáadáa, kí wọ́n yí i, kí wọ́n gbọ́ bóyá iyọ̀ ti ń jẹ ẹ́ nínú. Rílì tó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta kò yẹ ní owó ẹrù.

Àbá wa nípa owó nìyí. Dípò ọ̀pá 36, kí ẹgbẹ́ ra mẹ́wàá, kó jẹ́ ti gbogbo wa: mẹ́fà tó gùn ní 3.6 m fún 100–150 g, méjì tó jẹ́ 3.9 m, àti méjì kéékèèké onífáíbà tó jẹ́ 3 m fún àwọn ọmọ. Kí a ra rílì mẹ́wàá oríṣi kan náà, kó lè rọrùn láti tún ṣe. Kí a ra okùn aṣíwájú púpọ̀, ìdáàbòbò ìka, àti aṣọ ìléfòó fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dé Mole, òmùwẹ̀ tàbí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹni tó bá lo ọdún kan tó sì rí i pé òun fẹ́ràn rẹ̀, yóò ti mọ èyí tó bá ara rẹ̀ mu kó tó fi owó ara rẹ̀ ra tirẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ lè wà lára fìlà. Owó tó bá ṣẹ́ kù, kó padà sínú àpò ìrànlọ́wọ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ tí bàbá wọn ti kúrò láàárín wa. Àpò yẹn ni wọ́n ì bá bu owó ọ̀pá 36 nínú rẹ̀, ẹni tó bá ń ka ìwé owó ẹgbẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá yá irinṣẹ́ ẹgbẹ́, omi tí kò ní iyọ̀ ni kó fi fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kan náà. Kó dà á lé e lórí jẹ́jẹ́, kó má fi páìpù tó ń ta gan-an tì í, nítorí ìyẹn á ti iyọ̀ wọ inú. Kó nù ún gbẹ, kó tú bíréèkì rílì sílẹ̀. Akápò yóò máa wò ó kó tó gbà á padà.

Ìdánrawò àkọ́kọ́ yóò wáyé ní ọjọ́ Sátidé kejì lẹ́yìn ayẹyẹ yìí, ní aago méje òwúrọ̀, lórí pápá tí a ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù wa. A ó mú ọ̀pá mẹ́ta wá, ọ̀kan líle, ọ̀kan rírọ̀, ọ̀kan láàárín wọn, pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n, kí oníkálukú jù ú wò kí ẹgbẹ́ tó san kọ́bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mú ìwọ̀ wá. Òjé nìkan la ó jù. Kí àwọn ọmọ dúró sẹ́yìn mọ́tò títí a ó fi parí. Ẹ wọ bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀. Àkàrà àti ògì wà.